Ọ́fíìsì inú ilé tí kì í rú èéfín: bí mo ṣe gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ò ju kí n gbọ́ ohùn kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ṣèwádìí á fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà lẹ́nu èèyàn ránṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì á fi ìwàásù ránṣẹ́, àwọn tó ń ṣe fíìmù á fẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán, èmi á ki íápíìsì bọ etí, ó di kíkọ nìyẹn. Ilé ni mo ti ń ṣe é, ní Àpáta n'Ìbàdàn níbí, nínú yàrá tó kéré débi pé tí mo bá na ẹsẹ̀ tán ó ti kan ilẹ̀kùn. Ẹ wáá rò ó wò, ẹni tó jẹ́ pé etí ló fi ń jẹun, tó tún gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ wíńdò ara ẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan èmi àti kọ́sítọ́mà mi kan tó wà ní London jọ ń sọ̀rọ̀ lórí Zoom, ló bá bi mí pé ṣé orí ọ̀kadà ni mo wà ni. Mo ní rárá mà, inú ilé ni mo wà. Ó ní áà, a jẹ́ pé inú ilé ni ọ̀kadà ọ̀hún náà wà. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú.

Bí mo ṣe jáde nínú ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, ẹsẹẹsẹ, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá iṣẹ́ ara yín ṣe nínú ilé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya gíráfíìkì, tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù, tẹ́ ẹ ń bá oníṣòwò ṣírò owó, tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ níwèé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ní ọ́fíìsì tí kò ba àyíká jẹ́, orí òrùlé lọkàn yín á ti lọ, ẹ ti ń rò ó pé sólà. Sólà ń bọ̀ o, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èmi kánjú ra ẹ̀rọ kí n tó mọ ohun tí mò ń fi iná ṣe, mo sì fi owó gidi kọ́gbọ́n.

1. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó ń jẹná

Ẹ mú bírò àti ìwé. Gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ yí ìdí ẹ̀ padà kẹ́ ẹ wo iye wáàtì tí wọ́n kọ síbẹ̀. Lára ṣájà láptọ́ọ̀pù, wọn kì í sábà kọ wáàtì gààràgà, ẹ máa rí nọ́ńbà tí lẹ́tà V wà lẹ́yìn ẹ̀ àti òmíràn tí A wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan lọ́nà ìkejì. 19.5 lọ́nà 3.34 jẹ́ wáàtì 65. Ìyẹn lèyí tó pọ̀ jù tó lè fà o, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ kàn ń tẹ̀ kì í tó bẹ́ẹ̀, tèmi kì í sábà kọjá 45.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà rèé, mo fi wáàtì lọ́nà iye wákàtí tí mo fi ń lo nǹkan lójúmọ́, watt-hour ni wọ́n ń pe ohun tó bá jáde. Láptọ́ọ̀pù, wáàtì 45 fún wákàtí 8, 360. Ráútà, wáàtì 8 fún wákàtí 10, 80. Bọ́ọ̀bù LED méjì tó jẹ́ wáàtì 9 ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wákàtí 4 lálẹ́, 72. Fóònù méjì, ẹ jẹ́ ká pè é ní 30. Fáànù onídùúró, wáàtì 60 fún wákàtí 6, 360. Ẹ wò ó dáadáa, iye tí láptọ́ọ̀pù tó ń bọ́ mi ń jẹ gan-an ni fáànù ń jẹ! Àpapọ̀ ẹ̀ 902. Yúníìtì kan tí NẸ́PÀ ń tà fún wa jẹ́ watt-hour 1,000, torí náà gbogbo làálàá mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ò tíì jẹ yúníìtì kan tán.

Ẹ wáá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Èyí tó kéré yẹn tá a máa ń pè ní "I better pass my neighbour" ni tèmi, ó ń mu nǹkan bí ààbọ̀ lítà ní wákàtí kan, bó gbé láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, bó gbé gbogbo ilé, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò tó nǹkan. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, lítà 2. Ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, lítà 44. Kí wọ́n tó yọ sọ́búsídì lóṣù karùn-ún 2023, lítà kan ò tíì pé ₦200, nígbà tí 2024 fi máa parí ó ti lé ní ₦1,000, ẹ̀yin náà ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ẹ tún wo ti èéfín. Lítà pẹtiróòlù kan tó bá jó, carbon dioxide tó ń jáde lára ẹ̀ tó kílò 2.3, lítà 44 á ti kọjá kílò 100 lóṣù kan, nítorí iṣẹ́ tí kò jẹ tó yúníìtì kan lójúmọ́. Mi ò tíì dárúkọ ọ́ìlì tá à ń pò mọ́ epo tó máa ń rú bí ẹni ń sun táyà. Carbon monoxide ńkọ́? Ìyẹn ò láwọ̀, kò lóòórùn, òun ló sì ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn.

2. Ẹ dín in kù kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀

Fáànù ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Mo ra èyí tó ń lo DC, àwọn tá à ń pè ní rìṣájébù, wáàtì 20 péré ló ń fà, 360 di 120. Àpapọ̀ iṣẹ́ mi já wálẹ̀ láti 902 sí 662, nítorí fáànù kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé kí ló dé gan-an tí yàrá yìí fi ń gbóná tó báyìí. Ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ni mo gbé tábìlì tì. Láti aago méjì ọ̀sán ni oòrùn á ti máa na ògiri yẹn, tó bá fi máa di aago mẹ́rin, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án láti inú, ó ti ń gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, èmi sì fẹ̀yìn tì í, mo wáá ń bá fáànù jà. Mo gbé tábìlì lọ sí ọwọ́ àríwá lábẹ́ wíńdò, mo fi kọ́tìnì funfun sí wíńdò tó wà níwọ̀ oòrùn, mo sì lọ bẹ ìyá onílé pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sẹ́yìn ògiri yẹn. Wọ́n ní kí n gbìn ín ṣùgbọ́n àwọn ló ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ o. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Kò tó ọdún kan tí ewé ẹ̀ fi bo ògiri lọ́sàn-án, yàrá sì tutù débi pé lásìkò òjò mi ò kí ń tan fáànù rárá títí di ọ̀sán. Tábìlì lẹ́bàá wíńdò tún gbà mí lọ́wọ́ bọ́ọ̀bù ọ̀sán. Ẹ kàn má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa bọ́ sórí skírínì tààrà, kó máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ni kó dáa, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ máa fi bíráítínẹ́ẹ̀sì kún un, iná tẹ́ ẹ lẹ dín kù á tún gba ibòmíì wọlé.

Ẹ yí aago iṣẹ́ padà tí iṣẹ́ yín bá gbà á. Aago márùn-ún ìdájí sí mẹ́wàá àárọ̀ ni mo ń ṣe iṣẹ́ tó nira jù báyìí, afẹ́fẹ́ tutù, àdúgbò pa rọ́rọ́. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì lẹ̀ ń lò, èyí tó ní àpótí àti skírínì lọ́tọ̀, ẹ mọ̀ pé ó lè jẹ iná ìlọ́po mẹ́ta mẹ́rin láptọ́ọ̀pù, àyàfi tí iṣẹ́ fídíò bá ní dandan ni. AC ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbàgbé AC. Tí AC bá wọ inú ìṣírò yìí, ìwé mìíràn lẹ máa kọ.

3. Ẹ mọ ìgbà tí iná ń dé

A máa ń bú NẸ́PÀ, ó sì tọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n iná wọn kò rú èéfín tó pẹtiróòlù inú jẹnẹrétọ̀ kékeré. Gáàsì ni wọ́n fi ń pèsè èyí tó pọ̀ jù, omi Kainji, Jebba, Shiroro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ń gbé ìyókù. Torí náà ẹ lò ó nígbà tó bá wà. Wọ́n pín àwa oníbàárà wọn sí ìpele tí wọ́n ń pè ní Band. Band A, wákàtí 20 ni wọ́n ṣèlérí lójúmọ́, B wákàtí 16, C 12, D 8, E 4. Ìlérí ni mo wí o.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ju ìlérí lọ ni bébà tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ ìgbà tí àwọn ọmọ àdúgbò pariwo "Up NEPA" àti ìgbà tí wọ́n mú un lọ. Bí mo ṣe rí i pé tiwa ò kí ń sábà lọ láàárín aago mọ́kànlá òru sí márùn-ún ìdájí nìyẹn, ọ̀sán ló máa ń ṣe ségesège. Mo wáá sọ ọ́ di àṣà pé alẹ́ ni fáìlì ńlá ń wọlé, alẹ́ ni bátìrì ń kún, alẹ́ ni fóònù àti fáànù ń ṣájì, tílẹ̀ bá mọ́ ohun gbogbo ti kún dẹ́nu. Tiyín lè yàtọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí aládùúgbò sọ.

Ẹ sì máa yọ nǹkan kúrò lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Band A, láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n ti gbé owó yín kọjá ₦200 yúníìtì kan, dìkódà tó ń jẹ wáàtì 10 lásán tọ̀sán-tòru nígbà tẹ́nikẹ́ni ò wò ó, yúníìtì 7 ó lé díẹ̀ ló ń jẹ lóṣù. Ó ti lé ní ₦1,400 nìyẹn, fún ọ̀lẹ.

4. Ínfátà àti bátìrì: ibi tí mo ti fi ìka àbámọ̀ bọnu

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ ta ínfátà fún mi ò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa iṣẹ́ mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú ra ńlá lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ sinmi. 3.5kVA (kVA ni wọ́n fi ń wọn agbára ínfátà), bátìrì tíúbúlà 200Ah méjì (Ah ni wọ́n fi ń wọn bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó), kò sí pánẹ́ẹ̀lì, NẸ́PÀ ni á máa ṣájì ẹ̀. Mo lọ gbowó níbi àjọ tí à ń dá, mo rà á. Oṣù kan ò pé, tó bá ti di ọ̀sán ni bátìrì á ti máa ké pè mí, bẹ́ẹ̀ láptọ́ọ̀pù àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ nìkan ni mo so mọ́ ọn. Mo rò pé bátìrì ayédèrú ni. Ẹlẹ́tíríṣíà kan tá a jọ wà ní ìjọ kan náà gbé mítà kékeré rẹ̀ wá, èyí tó dà bí ẹnu akàn tí wọ́n fi ń gán wáyà, ó ní kí n yọ gbogbo nǹkan pátápátá, bọ́ọ̀bù, ráútà, ṣájà fóònù, gbogbo ẹ̀. Ó wo mítà. Ó wò mí. Ó tún wo mítà. Wáàtì 42! Kò sí ohun kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé o, ínfátà fúnra ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ kó lè máa wà lójúfò. 42 lọ́nà wákàtí 24 ti lé ní 1,000. Nǹkan tí mo rà pé kó gbé iṣẹ́ mi ń jẹun ju iṣẹ́ ọ̀hún lọ.

Torí náà ẹ jẹ́ kí ìwé tẹ́ ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kìíní ṣe ìpinnu yìí fún yín, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà ṣe é. Bí mo ṣe ṣe ìkejì nìyí. Iṣẹ́ mi jẹ́ 662 lójúmọ́. Ínfátà máa ń ṣòfò nǹkan bí 15 nínú 100 bó ṣe ń yí iná padà, torí náà mo pín 662 sí 0.85, ó fún mi ní nǹkan bí 780. Bátìrì tíúbúlà tàbí èyíkéyìí tó bá jẹ́ olójé, ẹ má lò ó ju ìdajì lọ lójúmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, 12V lọ́nà 200Ah jẹ́ 2,400, ìdajì ẹ̀ 1,200, ẹyọ kan tó mi á ṣẹ́ kù. Ti lítíọ́mù, 12.8V lọ́nà 100Ah jẹ́ 1,280, ẹ lè lo ìdá 80 nínú 100 láìbẹ̀rù, ìyẹn 1,024, òun náà tó. Lítíọ́mù wọ́n ju olójé lọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń rà á, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ lè pààrọ̀ olójé kí lítíọ́mù dáadáa tó kú, kò sì ní ásíìdì. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ínfátà ńkọ́? Tí gbogbo nǹkan mi bá tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò pé wáàtì 150. 1kVA tó mi yó, kó ṣáà jẹ́ èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí lára, ìyẹn èyí tí iná ẹ̀ ń jáde geere bíi ti NẸ́PÀ. Mo ta 3.5kVA yẹn fún iléèwé kékeré kan tó nílò ẹ̀ lóòótọ́.

Àwọn òfin díẹ̀ tí mi ò kí ń rú: mo ń pa ínfátà pátá tí mo bá fẹ́ sùn tí bátìrì ti kún. Áyọ́ọ̀nù, kẹ́túlù, ẹ̀rọ gbígbóná èyíkéyìí, wọn ò gbọdọ̀ fojú kàn án, áyọ́ọ̀nù kan lè fa wáàtì 1,000 lọ sókè. Bátìrì olójé, omi bátìrì ni kẹ́ ẹ máa fi kún un, kì í ṣe píọ́ wọ́tà o, àwọn èròjà tó wà nínú omi mímu máa ba inú ẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì gbé e sí yàrá tẹ́ ẹ̀ ń sùn, tó bá ń ṣájì ó máa ń tú háídírójìn jáde, gáàsì tó lè gbiná ni, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ló yẹ ẹ́.

5. Sólà wáá kù

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, pánẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ máa rà á ti kéré débi tó máa yà yín lẹ́nu. Oòrùn ń ràn láti àárọ̀ dalẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ò lágbára, tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ jọ nílẹ̀ Yorùbá níbí, bí wákàtí mẹ́rin oòrùn ọ̀sán gangan ni. 780 tí mo nílò, ẹ pín in sí mẹ́rin, 195. Eruku, ooru àti wáyà á mú tiwọn níbẹ̀, torí náà ẹ má ra 200 gééré, 300 sí 400 ni kẹ́ ẹ fojú sí. Ẹyọ pánẹ́ẹ̀lì kan!

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì wọ́n máa ń kọ Vmp àti Imp, ìyẹn V àti A ẹ̀ nígbà tó bá ń mú iná tó pọ̀ jù wá, ẹ fi ọ̀kan lọ́nà ìkejì bá a ṣe ṣe fún ṣájà láptọ́ọ̀pù, tó bá jẹ́ 400 ni wọ́n kọ síwájú tí ìṣírò yín sì jẹ́ 260, ẹ kí ọlọ́jà ẹ máa lọ. Ẹ tún fojú wọ̀n ọ́n: pánẹ́ẹ̀lì 400 tòótọ́ máa ń ga ju mítà kan àtààbọ̀ lọ, ó fẹ̀ tó mítà kan, ó sì wúwo tó bíi kílò 20. Èyí tí ẹnì kan fi ọwọ́ kan gbé sórí wẹ́rẹ́ yẹn, àpèjẹ́ lásán ni.

Ẹ jẹ́ kó kọjú sí gúúsù, kó fi díẹ̀ dagun, bíi dìgírì 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ eruku ara ẹ̀ dànù. Kí àlàfo wà láàárín òun àti páànù, torí bó bá ṣe ń gbóná sí i ni iná tó ń mú wá ń dín kù. Òjìji ẹ̀ka máńgòrò kan tó dábùú ẹ̀ lè gba èyí tó pọ̀ nínú iná ẹ̀ lọ, kì í ṣe apá ibi tí òjìji bò nìkan. Lásìkò ọyẹ́, mo máa ń fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ní ìdájí, kó tó gbóná. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, omi tó ṣàn wálẹ̀ pupa bí omi tí wọ́n fi fọ ìlẹ̀kẹ̀ amọ̀.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ kọ́kọ́ bá onílé sọ̀rọ̀. Èmi ṣèlérí fún ìyá onílé pé bóòtù tó ṣeé tú ni màá lò, pé ibi tí wọ́n bá lu màá dí i kí òjò má wọlé, mo sì fa wáyà bọ́ọ̀bù kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Bọ́ọ̀bù yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọlé.

6. Níbo ni bátìrì tó kú ń lọ?

Mi ò ní sáré kọjá níbí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ba nǹkan jẹ́ tá a sì rò pé a ti ṣe dáadáa. Ẹ mọ àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri tí wọ́n ń ké pé àwọn ń ra kọ́ńdẹ̀mù. Mo wà lójú wíńdò lọ́jọ́ tí ọ̀kan ra bátìrì ọkọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò wa. Kò tíì kúrò ní géètì tó fi dojú ẹ̀ dé, tó da ásíìdì inú ẹ̀ sójú gọ́tà kó lè fúyẹ́, ó hó wùrùwùrù lórí símẹ́ńtì. Gọ́tà yẹn ni àwọn ọmọ ń fò kọjá tí wọ́n bá ń lọ síléèwé.

Òjé inú ẹ̀ tún burú ju ásíìdì lọ, àwọn ọmọdé ló ń ṣe ní jàǹbá jù, ọpọlọ ló ń bá jà. Ògijo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí iléeṣẹ́ tó ń yọ́ òjé bátìrì pọ̀ sí, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ wò, òjé wà nínú ẹ̀. Torí náà nígbà tí bátìrì tíúbúlà mi kú, mo gbé e padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà tó ń ta tuntun pẹ̀lú ásíìdì inú ẹ̀, ní òró, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà á tí wọ́n á sì yọ owó ẹ̀ kúrò lára tuntun. Ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó rà, pé tó bá kú ṣé wọ́n á gbà á, ibo ni wọ́n ń kó o lọ. Tí wọn ò bá lè dáhùn, ọjà mìíràn wà. Láptọ́ọ̀pù, fóònù àti ráútà tó ti kú, ẹ má dà á sórí ààtàn, torí sísun ni wọ́n máa ń sun wáyà ẹ̀ kí wọ́n lè rí bàbà. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń tú irú ẹ̀ palẹ̀ bó ṣe yẹ wà l'Ékòó, bíi Hinckley, èmi máa ń kó tèmi jọ sínú páálí títí ẹnì kan á fi ń wakọ̀ lọ.

7. Láptọ́ọ̀pù: tòkunbọ̀ ò ní kẹ́ ẹ tijú

Èyí tó pọ̀ jù nínú èéfín tí láptọ́ọ̀pù kan máa dá sílẹ̀ láyé ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣe é ló ti jáde, kẹ́ ẹ tó tì í sójú iná rárá. Èyí tẹ́ ẹ bá lò fún ọdún mẹ́jọ sàn ju méjì tẹ́ ẹ lo mẹ́rin mẹ́rin. Tòkunbọ̀ ni tèmi. Mo yọ háàdì dísíìkì oníyíyípo inú ẹ̀, mo fi SSD sí i, mo fi RAM kún un, ó ń sáré ju tuntun àwọn kan lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ti Windows, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, ẹ ṣí fáìlì tó bá kọ síbẹ̀. Ẹ wo Design Capacity, ẹ wo Full Charge Capacity. Tí èkejì bá ti wálẹ̀ ju ìdajì èkíní lọ, ẹ dúnàádúrà owó bátìrì tuntun mọ́ ọn. Lọ́dọọdún lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú ìdí ẹ̀ kó fẹ́ eruku inú fáànù ẹ̀ jáde, ooru ló ń pa á.

8. Bébà

Mi ò ní prìntà. Oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà wà ní jọ́nṣọ̀n wa, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń lọ síbẹ̀, ẹ̀rọ kan tí ogójì èèyàn jọ ń lò sàn ju ogójì ẹ̀rọ tó ń gbẹ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Tí iṣẹ́ yín bá gba kẹ́ ẹ ní tiyín, èyí tó ní táńkì íǹkì tẹ́ ẹ lè máa bu kún ni kẹ́ ẹ rà, lásà máa ń fa iná burúkú lójijì, ó lè dá ínfátà kékeré kú.

Bébà tẹ́ ẹ bá ti lo ojú kan ẹ̀, ẹ lo ìkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má kó o fún ẹlẹ́pà. Mo mọ̀ pé àtúnlò ni, ṣùgbọ́n mo ti ra ẹ̀pà rí tí wọ́n fi ìwé báńkì ẹnì kan wé, orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì, gbogbo ẹ̀ ló hàn kedere. Ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́mà lọ́wọ́ yín, òfin tó ń dáàbò bo dátà ti wà láti 2023, èyí tó bá ní orúkọ èèyàn lára, ẹ ya á wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ pò ó mọ́ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé gbígbẹ, kó jẹrà. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá onílé ni tèmi ń lọ.

9. Oṣù kẹjọ

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé sólà á máa ṣe dáadáa látoṣù kìíní dé ìkejìlá. Oṣù keje sí ìkẹjọ, oòrùn lè fi ara pamọ́ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Tí mo bá ti rí i pé bátìrì ò kún títí aago méjì ọ̀sán, mo máa ń pa ráútà, mo máa ń fi fóònù ṣe íntánẹ́ẹ̀tì, mo ti da fáìlì sórí láptọ́ọ̀pù tẹ́lẹ̀ torí náà mi ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti gbọ́ ohùn, bíráítínẹ́ẹ̀sì á lọ sílẹ̀ pátá, mo sì máa ń sọ fún kọ́sítọ́mà látìbẹ̀rẹ̀ oṣù pé ọjọ́ méjì ni mo fi kún àdéhùn lásìkò òjò. Kò sẹ́ni tó bínú rí.

Jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún ṣì wà, abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tan án lọ́dún tó kọjá, oṣù kẹjọ ni méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi tiyín pamọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ gbogbo epo inú táńkì, ẹ tún jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra ẹ̀ kí inú kàbúrétọ̀ lè gbẹ, epo tó bá dúró síbẹ̀ pẹ́ máa ń le bíi gọ́ọ̀mù, á sì dí i.